Àtàǹpàkò Cletus Lára Fẹ́ndà Òsì

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ Orval Stroud wò, Delphia ìyàwó rẹ̀ din ẹyin pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ó bu ti ọkọ rẹ̀, ó bu tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò rí tirẹ̀ jẹ. Ó kàn ń fi fọ́ọ̀kì tì í síhìn-ín tì í sọ́hùn-ún nínú àwo. Orval ò tiẹ̀ kíyè sí i. Ó ti jẹ tirẹ̀ tán, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì.

"Kí ni aago ara ògiri yẹn sọ, Delphia?"

"Méje ò tíì lù. Mẹ́wàá ni wọ́n pè ọ́."

"Mo kàn béèrè ni."

"Jókòó, kó o mu kọfí rẹ."

Kò jókòó. Ó wọ gáréèjì lọ, Delphia sì ń gbọ́ bó ṣe ń fi aṣọ rírọ̀ nu ọkọ̀ náà, ọkọ̀ tó ti nù lẹ́ẹ̀mẹta láti Ọjọ́rú.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni Orval. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Dókítà ojú ní Bowling Green ti sọ ọ́ fún un láìfi bò pé, bó bá di oṣù kẹwàá tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ bá parí, wọn ò ní fún un ní òmíràn mọ́. Nítorí náà, ọdún yìí ni ìgbẹ̀yìn tí òun fúnra rẹ̀ máa wa Corvette rẹ̀ lọ sí pápá tí wọ́n ti ń pàtẹ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ di ti Raelynn, ọmọ ọmọ wọn. Ohun kan ṣoṣo ni Orval sì fẹ́ kó bá ọkọ̀ náà dé ọwọ́ ọmọ yẹn, báàjì ni.

Ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ràn Corvette àtijọ́ ló ń fúnni ní báàjì náà. Kì í ṣe ọkọ̀ tó bá rẹwà jù ni wọ́n ń fún. Bí ọkọ̀ rẹ bá ń dán ju bó ṣe dán lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́, wọ́n á yọ máàkì. Bí ọ̀dà bá ṣàn síbì kan lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, wọ́n á fẹ́ rí ibi tó ṣàn sí. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe rí ni wọ́n ń wá, èyí tí ọwọ́ àwọn tó kọ́kọ́ tò ó pọ̀ ṣì hàn lára rẹ̀. Máàkì ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tó bá gba àádọ́rùn-ún ló gba báàjì.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí Orval máa ń sọ. Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé wọn ló ti gbọ́ ọ. "Tuntun ni mo ra ọkọ̀ yìí ní 1965. Láti ọjọ́ náà, kò sí pánẹ́bítà tó fọwọ́ kàn án." Á sọ ọ́ lórí oúnjẹ, á sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, á sọ ọ́ fún ẹni tó wá tún páìpù ṣe.

Delphia nìkan ló mọ̀ nínú ilé náà pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 1978 ló ṣẹlẹ̀. St. Louis ni wọ́n ń gbé nígbà yẹn, níbi tí ilé iṣẹ́ Corvette wà kó tó kó wá sí Bowling Green níhìn-ín ní Kentucky. Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orval ń fi ẹsẹ̀, ìyẹn táyà, sí ọkọ̀, Delphia ń rán awọ àga. Orval bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ pẹja ní Arkansas fún ọjọ́ mẹ́jọ, ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n sì gbé lọ. Ní ọjọ́ kejì, ooru mú, ẹnu Delphia ń wá áísìkiriìmù. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lórí ìṣó tí wọ́n fi kọ́, ó sì jáde. Ibi tó ti ń bọ̀ nílé áísìkiriìmù ni òjò bá a. Táyà yọ̀ ní kọ̀rọ̀ kan, fẹ́ndà òsì, ara ọkọ̀ tó bo táyà iwájú, sì lọ kọlu òpó pátákó.

Ara Corvette kì í ṣe irin. Fáíbà ni, kì í tẹ̀. Fífọ́ ló ń fọ́, bí igbá. Delphia bẹ̀rẹ̀ sórí títì nínú òjò, ó ń ṣa àfọ́kù sínú àpò tí wọ́n fi di áísìkiriìmù fún un.

Ọkùnrin kan wà nílé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Cletus Rountree. Òun ló ń fi gúlù so fẹ́ndà mọ́ ara ọkọ̀, òsì àti ọ̀tún, látàárọ̀ dalẹ́. Cletus wá gbé ọkọ̀ náà lọ sí gáréèjì tirẹ̀, ó ra fẹ́ndà tuntun, ó gé èyí tó fọ́ kúrò, ó so tuntun mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bó ṣe ń so ó lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ẹ̀ka ọ̀dà kùn ún ní àwọ̀ aró tí ọkọ̀ náà ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Orval fi máa ti odò dé, ọkọ̀ ti wà ní àyè rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí ìṣó.

Delphia fẹ́ sọ fún un lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n inú Orval ń dùn, ó kó ẹja wálé, ó ń pe àwọn èèyàn wá jẹ ẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbọ́ tó sọ fún aládùúgbò kan pé kò sí pánẹ́bítà tó fọwọ́ kan ọkọ̀ òun rí, ọ̀rọ̀ bá há sí i lọ́fun. Ọdún mẹ́tàlélógójì rèé, kò tíì yọ.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni wọ́n dé pápá. Ọdún tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde ni wọ́n fi ń tò wọ́n, àwọn tó dàgbà jù níwájú, àwọn ọmọdé lẹ́yìn. Ẹni tó bá rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ pápá náà ti rí gbogbo ayé ọkọ̀ náà, ti Delphia sì wà nínú rẹ̀.

Níwájú pátápátá ni ti 1953, funfun, inú rẹ̀ pupa. Ọ̀ọ́dúnrún péré ni wọ́n tò pọ̀ lọ́dún náà, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi tò wọ́n. Orval ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ó ní ẹwà ló ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò lè lé adìyẹ. Ó ní ìgbà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí i lẹ́yìn ọdún méjì ló tó di ọkọ̀. Lẹ́yìn àwọn yẹn ni irú tiwọn, tó jáde láti 1963, ojú rẹ̀ mú ṣóńṣó, iná iwájú rẹ̀ á yí padà wọnú, á fara pamọ́ bí ẹni tó di ojú. Lẹ́yìn tiwọn ni ti 1968, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, fẹ́ndà rẹ̀ wú bí èjìká akànṣẹ́. Ti ìyẹn ni Delphia rán àga rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, gbogbo àwọn àgbà ilé iṣẹ́ ló ń ráhùn pé èyí kì í ṣe Corvette mọ́. Nígbà tí wọ́n wá dá a dúró, àwọn kan náà ló ń nu omijé.

1981 ni wọ́n kó ilé iṣẹ́ wá sí Bowling Green. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ á di ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé e. Orval àti Delphia di tiwọn. Lọ́dún 1983, wọn ò ta ọ̀kankan. Nígbà tí ti 1984 jáde, nọ́ńbà oníná ló ń fò lójú pátákó iwájú awakọ̀, Orval sì ní tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi ẹsẹ̀ sí. Títí tó fi fẹ̀yìntì, òun náà ló ń fi ẹsẹ̀ sí i. Ní 2005, iná iwájú ò fara pamọ́ mọ́. Orval bínú fún oṣù kan gbáko. Ní 2014, iná ẹ̀yìn tó máa ń rí roboto di oníkọ̀rọ̀, ìgbà yẹn ni àwọn àgbàlagbà ọkùnrin sì kọ lẹ́tà lọ sí ilé iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. Ní ìparí pápá ni àwọn tuntun wà, àwọn tó jáde ní 2020, tí ẹ́ńjìnnì wọn ti kúrò níwájú lọ sẹ́yìn awakọ̀. Àwọn yẹn ni Raelynn ń tò pọ̀ nílé iṣẹ́.

Raelynn ti dé ṣáájú wọn. Ó gbé ife tíì olómi dídì méjì wá, ọ̀kan fún ìyá àgbà rẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ ò tíì wá wo tiwa lọ́hùn-ún."

"Mo ti wò ó léṣìí. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àyè àpótí aṣọ ni mo bá níbẹ̀."

"Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, sà."

"Ẹṣin ló máa ń wà níwájú kẹ̀kẹ́ tó ń fà."

"Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ti 1984 náà nìyẹn. Màmá àgbà sọ fún mi. Wọ́n ní ẹ pè é ní tẹlifíṣọ̀n."

"Ìyá àgbà rẹ ń sọ̀rọ̀ jù," Orval wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Kò sí nǹkan kan tó wà nínú rẹ̀ tí kò ní sọ."

Delphia mu tíì rẹ̀.

Ẹni tó wá yẹ ọkọ̀ wò ń jẹ́ Thurman Eggers, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì láti Ohio. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó gbé ìwé kan dání tí etí rẹ̀ ti gbó. Ó kí wọn dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ó fọwọ́ pa àga, ó wo òwú.

"Wọn ò tún àga yìí rán rí," ó wí.

"Wọn ò tún nǹkan kan ṣe rí," Orval wí.

Eggers rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo páìpù, ó wo ibi tí ọ̀dà ti ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Gbogbo ohun tó bá wò, ó ń mi orí pé ó dáa. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó tẹ́ ẹní rọ́bà sílẹ̀ lápá òsì, ó dùbúlẹ̀, ó ti orí àti tọ́ọ̀ṣì bọ abẹ́ fẹ́ndà. Delphia gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko.

"Ọ̀gbẹ́ni Stroud," ohùn Eggers jáde lábẹ́ níbẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Orval di èjìká Raelynn mú, ó rọra kúnlẹ̀.

"Ẹ rí ọ̀já fáíbà yìí, èyí tí wọ́n fi so fẹ́ndà pọ̀ láti ẹ̀yìn? Ẹ wo ibi tí gúlù rẹ̀ parí sí. Ẹ rí ojú àtàǹpàkò yẹn? Ẹnì kan wà ní St. Louis nígbà yẹn tó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ìparí ọ̀já kí gúlù má bàa ṣàn. Mo ti rí i lára ọkọ̀ tó lé ní ọgọ́ta. Mo yà á sínú ìwé mi. Mi ò mọ orúkọ ẹni náà."

"Cletus ni," Orval wí. "Cletus Rountree. Àtàǹpàkò rẹ̀ fẹ̀ bí ṣíbí. Ó ti kú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́, ṣé ẹ̀yin ará Ohio ń ya àtàǹpàkò Cletus sínú ìwé ni? Delphia, o gbọ́ bí? Cletus tí kì í san owó bíà rẹ̀."

"Mo gbọ́," Delphia wí.

Eggers gbé ẹní rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Níbẹ̀, ó pẹ́. Ó jáde, ó tún wọlé. Nígbà tó dìde, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọ̀tún ò ní àtàǹpàkò," ó wí.

"Bóyá ó gbàgbé."

"Kì í gbàgbé, sà. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo ti rí àmì yẹn lára wọn, bó bá wà ní òsì, ó ń bẹ ní ọ̀tún. Ọ̀já ti ọ̀tún yìí tún wọ́ díẹ̀. Gúlù rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹnì kan ti tún fẹ́ndà ọ̀tún yìí so."

"Rárá o."

"Kì í ṣe ohun burúkú, Ọ̀gbẹ́ni Stroud. Mo fún yín ní máàkì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún kí n tó dé bí. Máàkì márùn-ún ni mo máa yọ. Ó ṣẹ́ ku mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Báàjì yín wà níbẹ̀." Ó na fọ́ọ̀mù sí i. "Ẹ kàn fọwọ́ sí i níbí pé wọ́n ti tún fẹ́ndà ọ̀tún ṣe rí."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Bàbá àgbà," Raelynn wí, "mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n ní. Ẹ fọwọ́ sí i, ká lọ jẹun."

"Ẹni tí ò bá mọ nǹkan ló ń fọwọ́ sí nǹkan tí ò rí bẹ́ẹ̀."

"Bóyá kẹ́ ẹ tó rà á ni, sà," Eggers wí. "Bóyá nílé ìtajà, bóyá lórí ọkọ̀ tó gbé e wá."

"Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i." Ohùn Orval ò ga, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti pọ́n. "Èmi yìí. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé èyí aláró yẹn tèmi ni, mo sì rìn tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Wọn ò tún fẹ́ndà kankan ṣe lára ọkọ̀ yìí. Ẹ kọ ohun tó wù yín sínú ìwé yín, àmọ́ orúkọ mi ò ní sí níbẹ̀."

"Bí orúkọ yín ò bá sí níbẹ̀, mi ò lè gba fọ́ọ̀mù náà wọlé, sà. Mo lè dúró di ọ̀sán."

"Ẹ má dúró." Orval yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àga kíká tó gbé wá. "Delphia, dìde. Ká máa lọ."

Delphia ò dìde. Ohun tí Eggers sọ nípa àtàǹpàkò ti gbé e padà sí gáréèjì Cletus. Ó rí Cletus tó na ẹsẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó sì gbọ́ ohun tó sọ lọ́jọ́ náà tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ̀ ọkọ rẹ yìí ò mọ̀ mí rí, Delphia. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tò ó, mo wà ní Arkansas, mò ń sin bàbá mi. Àwọn ọmọ kan tí ò mọ gúlù yàtọ̀ sí ọbẹ̀ ló so ó. Wàyí o, ó ti mọ̀ mí." Ó sì fi àtàǹpàkò tẹ gúlù náà.

Bí wọ́n bá lọ sílé báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Orval á máa bú ará Ohio yẹn títí tó fi máa kú. Kò sẹ́ni tó máa bi Delphia ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lára àga, Orval ò rí ibi tí ìdè àga wà, ó ń fọwọ́ wá a kiri. Òótọ́ ló ń sọ nípa ti ọ̀tún. Báàjì tó fẹ́ ju ohunkóhun lọ ló ń jù nù nítorí òótọ́ yẹn, àti nítorí irọ́ kan tí òun Delphia fi sí i lẹ́nu láìjẹ́ kó mọ̀.

"Orval," ó wí. "Jókòó."

"Mo ní ká máa lọ."

"Jókòó ná. Kò sẹ́ni tó tún ti ọ̀tún ṣe. Ti òsì ni wọ́n tún ṣe."

Orval dúró pẹ̀lú àga lọ́wọ́. Eggers ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ti òsì ni àtàǹpàkò wà lára rẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo dúró tì í nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Ní 1978 ni. Mo gbé ọkọ̀ jáde, mo kọlu òpó, Cletus ló bá mi tún un ṣe nínú gáréèjì rẹ̀. Lọ́dún 1965 tí wọ́n tò ó, kò sí níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, ó lọ sin bàbá rẹ̀. Òun ò so ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí àmì rẹ̀ ò fi sí ní ọ̀tún."

"Màmá, ẹ má bínú o. Mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ẹ sọ ọ́. Ẹ rí i pé, ẹ̀yin ni ìyàwó ẹni tó ni ọkọ̀."

"Ẹ má kọ ọ́ nítorí pé mo sọ ọ́. Ẹ padà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi gúlù sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn fáíbà fúnra rẹ̀, ọ̀tún kẹ́ ẹ tó pa òsì. Awọ àga ni mo fi ọgbọ̀n ọdún rán, ọwọ́ mi mọ òwú. Fáíbà ti 1965, òwú rẹ̀ máa ń gún ọwọ́, ó máa ń rí gbágungbàgun. Nígbà tó fi máa di 1978, wọ́n ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà. Ó ti ń jọ̀lọ̀."

Eggers gbé ẹní rẹ̀, ó wọ abẹ́ ọ̀tún. Ó jáde, ó wọ abẹ́ òsì. Nígbà tó jáde kẹ́yìn, eruku wà lórí irun rẹ̀, kò sì dìde. Ó jókòó sórí ẹní níbẹ̀.

"Ó jọ̀lọ̀," ó wí. "Ọkọ̀ tó lé ní ọgọ́ta. Àtàǹpàkò nìkan ni mò ń wá lára gbogbo wọn. Mi ò fọwọ́ kan fáíbà fúnra rẹ̀ rí."

"Màmá àgbà," Raelynn wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e jáde lóòótọ́?"

"Èmi ni."

"Lọ síbo?"

"Lọ ra áísìkiriìmù."

Raelynn fi ọwọ́ bo ẹnu. Orval ò wo ẹnì kankan nínú wọn. Ó gbé àga sílẹ̀, ó lọ sápá òsì, ó na ọwọ́ lórí fẹ́ndà náà, ó ń fi ìka wá ojú ìsopọ̀ bí ẹni ń wá ìṣó lára ògiri nínú òkùnkùn. Kò rí i. Ó tún wá a.

"Kí ni máàkì rẹ̀ báyìí?" ó bi Eggers.

"Mo dá máàkì márùn-ún ti ọ̀tún padà. Mo yọ márùn-ún ti òsì, mo sì gbọ́dọ̀ yọ mẹ́rin sí i nítorí ọ̀dà. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni, sà. Ó dùn mí."

"Kò sí báàjì."

"Rírẹ́bọ̀n pupa ni, ti ipò kejì."

"Gbé fọ́ọ̀mù náà wá. Kí n kọ òótọ́ síbẹ̀."

Ó gbé fọ́ọ̀mù náà súnmọ́ ojú rẹ̀ gan-an. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí wọ́n tún ṣe, ó kọ *fẹ́ndà òsì*. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó tún un ṣe, ó kọ *Cletus Rountree*, ó sì fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́. Ó dúró síbi ọjọ́.

"Oṣù wo?" ó béèrè láìyí ojú.

"Oṣù kẹfà."

Ó kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i.

Wọn ò dúró jẹun. Raelynn ní òun máa wá sílé lálẹ́, Orval sì ní kò burú. Ó ki rírẹ́bọ̀n pupa náà bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì bí ẹni ki ìwé owó iná bọ̀ ọ́. Ó wa ọkọ̀ jáde ní pápá, jẹ́jẹ́, Delphia lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọjá ilé iṣẹ́, wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ibi iná pupa lẹ́bàá ilé epo ló tó lanu.

"Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi wà ní odò yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ."

"Cletus ló ṣe é. Èmi kàn ń gbé oúnjẹ lọ fún un."

"Kí lo gbé fún un?"

"Ẹran adìyẹ díndín. Ó jẹ odindi mẹ́rin."

Iná yí padà. Orval wa ọkọ̀ lọ.

"Ta ló tún mọ̀?"

Delphia wo ìta. "Ẹni tó kùn ún."

"Ta ló tún mọ̀, Delphia?"

"Àwọn obìnrin tá a jọ ń rán awọ àga. Mo ní láti tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn kí n lè tètè jáde."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Àti àwọn tó wà ní ẹ̀ka ọ̀dà. Cletus ò lè pa ẹnu mọ́."

"Àwọn tí mo ń pè wá sílé? Tí mo ń din ẹja fún?"

"Àwọn náà ni."

"Tí mo sì ń sọ fún wọn pé kò sí pánẹ́bítà tó fọwọ́ kàn án."

"Wọ́n máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni," Delphia wí. "Wọ́n fẹ́ràn rẹ gan-an, Orval. Wọn ò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi máa dé inú ọkọ̀ wọn."

Orval yà sí òpópó wọn, ó gbé ọkọ̀ dé iwájú gáréèjì, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárì. Delphia náà ò ṣí ilẹ̀kùn. Bí Orval bá bínú, ibi tó ti bínú ni òun yóò jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀, ó ṣe tán, ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti fi sá fún ìbínú náà. Ẹ́ńjìnnì ń dún tẹ́-tẹ́ bó ṣe ń tutù.

"Inú rẹ dùn nígbà tó ò ń wà á?" Orval béèrè.

Delphia ò retí ìbéèrè yẹn.

"Kí òjò tó dé, ó dùn gan-an."

Orval mi orí. Ó tún mi orí. Ó tú bẹ́líìtì ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀," ó wí. "Láti ìgbà tí mo jáde nílé. Má fo ibì kankan."

Delphia gbé àpò ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ooru ọjọ́ náà.